Ojú Ìwé Kẹta

"Àwọ̀ wo ló wà lára káàdì ẹrù ìyá ẹ?"

Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó wọ àwọ̀lékè búlúù, ó mú bébà kan dání, kò sì gbójú kúrò lára àwọn tó ń jáde. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá. Ọkọ̀ òkun ńlá tí ìyá tó bí ìyá mi fi ṣe ìgbafẹ́ fún ọjọ́ méje ti gúnlẹ̀ láti aago méje. Mo ń wò ó níwájú mi, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, àwọn èèyàn sì ń tú jáde nínú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lu aago ìsinmi fún, àmọ́ n kò rí Ìyá Àgbà láàárín wọn.

"Àwọ̀ kẹ̀?" ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ̀ nípa àwọ̀ kankan. Wọ́n ní aago méje ni ọkọ̀ máa dé."

Ó wá yíjú sí mi. "Ọkọ̀ ti dé, àbí o ò rí i ni? Ta ló wá sọ fún ẹ pé bí ọkọ̀ bá ti dé, èèyàn ti dé nìyẹn? Àwọn tí káàdì pupa wà lára ẹrù wọn ló kọ́kọ́ ń sọ̀kalẹ̀. Aláwọ̀ ewé ló tẹ̀ lé e. Àwọn aláwọ̀ funfun ló ń kẹ́yìn, wọ́n sì lè má jáde kí aago mọ́kànlá tó lù. Ṣé o ò ka ìwé tí wọ́n fún yín ni? Ó wà ní ojú ìwé kẹta."

Mo mọ ìwé tí ó ń wí. Mo sì mọ̀ pé n kò ka ojú ìwé kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó lè yé yín. Ogójì ọdún ni Ìyá Àgbà fi ṣe olórí alásè ní ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Àwọn ọmọ tó ń bọ́ nígbà náà ti di baba ọmọ àti ìyá ọmọ, àwọn ló sì para pọ̀ fi ìrìn àjò orí òkun yìí ta á lọ́rẹ. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ojú ọ̀tún ló kù tó fi ń ríran, ìyẹn náà sì ti ń ṣókùnkùn. Dókítà kan ṣoṣo ló ní òun lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí yóò gbà á là, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì ń wá lọ́dún sí ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí èbúté tó ìrìn wákàtí márùn-ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń lò níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀. Aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú ni dókítà ń retí Ìyá Àgbà.

Ìyá mi ti kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìrìn àjò náà sílẹ̀ ná. Ìyá Àgbà ní rárá. "Ẹ jẹ́ kí n rí òkun kí wọ́n tó fi irin kan ojú mi," ló wí. "Bí iṣẹ́ abẹ bá yọrí, màá tún lọ wò ó. Bí kò bá yọrí, mo ṣáà ti rí i."

Bí a ṣe tò ó nìyí: bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀, a ó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́wàá ààbọ̀, a ó dé ìlú dókítà ní ọ̀sán, a ó sùn sí ilé àlejò tó dojú kọ ilé ìwòsàn, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, a ó kàn sọdá títì ni. Èmi ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Aránṣọ ni ìyá mi, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọmọ wọlé. Kò lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, Ọ̀gá Ètò sì ni wọ́n ń pè mí nílé, torí kò sí ohun tí n kì í kọ sínú ìwé kí n tó ṣe é. Ìyá mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá fẹ́ sín, màá kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé ọkọ̀ òkun náà dé, ó gbé e lé mi lórí itan. Ojú ìwé mẹ́rin ni, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní.

"Kà á láti òkè dé ilẹ̀," ló wí. "Ìyá mi ò lè ka irú lẹ́tà yìí mọ́. Ìwọ ni ojú rẹ̀. Ohun tó bá yẹ kó ṣe nínú ọkọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà fún un kó tó lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá mi."

N kò tíì ka ojú ìwé àkọ́kọ́ tán tí ọ̀rẹ́ mi fi wọlé. Kíákíá ni gbogbo kíláàsì wa ń pè é, ẹ sì ti lè mọ ìdí rẹ̀. Fíìmù alápá mẹ́wàá kan wà tí àwa méjèèjì ń wò lórí fóònù rẹ̀, a sì ti dé ibi tó dùn jù.

"Kí lò ń kà tó gùn tó báyìí?" ó já ìwé náà gbà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Aago tí ọkọ̀ máa dé rèé ní ìlà àkọ́kọ́. Kí ló tún kù? Wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún bébà ni. Ó yá, sún mọ́bí."

Mo ká ìwé náà, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ìyá mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá mo ti kà á tán, mo ní mo ti kà á tán. Ó rọrùn lẹ́nu mi bí ẹní sọ pé ẹ káalẹ́.

Irọ́ kejì tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó ni ilé àlejò ti kọ orúkọ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi lórí fóònù. "Ọ̀sẹ̀ tí dókítà ojú bá ń bọ̀, yàrá mi kì í ṣẹ́kù," ló ní. "Pè mí padà kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú láti fi dá mi lójú pé ẹ ń bọ̀. Bí o ò bá pè, ẹlòmíràn ni mo máa fún." Ọjọ́ Àìkú dé, fíìmù náà sì dé apá kẹwàá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí. Bí mo ṣe ń rò ó pé kí n sáré pè é ni ìyá mi bèèrè, láìgbé ojú sókè nínú ohun tó ń rán: "Ọ̀gá Ètò, ṣé o ti pe obìnrin ilé àlejò padà?"

"Mo ti pè wọ́n, mà."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, n kò lè pè é mọ́ níwájú ìyá mi. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Mo sọ fún ara mi pé yóò ti fi yàrá náà sílẹ̀ fún wa.

Ní èbúté, obìnrin aláwọ̀lékè búlúù ṣàánú mi, ó yọ ìwé tirẹ̀ fún mi. Mo ṣí ojú ìwé kẹta lórí ìdúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ẹni tó bá ní ìrìn àjò mìíràn níwájú kó sọ fún ọ́fíìsì inú ọkọ̀ kí ọjọ́ kejì tó pé, wọn yóò fún un ní káàdì pupa. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan, funfun ni tirẹ̀. Mo kà á síwájú. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, kí oníkálukú gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọn yóò kó o lọ, kò sì ní rí i mọ́ àfi ní èbúté. Nítorí náà kí ó mú oògùn rẹ̀ dání.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ti sọ fún wa pé láti ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí Ìyá Àgbà ti máa kán oògùn sójú, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, torí ojú tó bá ṣì pọ́n, dókítà kò ní fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún un pé kó mú oògùn náà dání, inú àpótí ló máa wà.

Bọ́ọ̀sì aago mẹ́wàá ààbọ̀ lọ níṣojú mi. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà èbúté bó ṣe yí kọ́nà, pẹ̀lú ìjókòó wa méjèèjì tó ṣófo nínú rẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Ìyá Àgbà tó jáde. Ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo rí òkun," ló wí kí n tó kúnlẹ̀ tán. "Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí omi inú ìkòkò tí kò tíì hó. Mo dúró wò ó títí oúnjẹ òwúrọ̀ fi tán."

"Oògùn ojú yín dà, Ìyá Àgbà?"

"Inú àpótí. Wọ́n ní ká gbé àpótí síta lálẹ́ àná, mo rò pé wọ́n máa dá a padà láàárọ̀. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní ó di èbúté." Ó dẹ etí sí mi. "Ọmọ mi, kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?"

Mo fà á lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n to ẹrù sí. Àpótí dúdú tó wà níbẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún méjì, gbogbo wọn jọra. Mo ti ń yí káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù nígbà tí Ìyá Àgbà pè mí. "Wá àkísà aláwọ̀ òféefèé," ló ní. "Nígbà tí mo ń dáná, kò sí ìkòkò mi tí n kì í so àkísà mọ́ létí, kí wọ́n má baà gbé e lọ. Mo so ó mọ́ àpótí náà." Mo rí i ní ìdí ògiri. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí mo kán oògùn àkọ́kọ́ sójú rẹ̀. Ojú náà ti pọ́n, ó ti wú díẹ̀.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Ṣé ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì?"

Mo wo Ìyá Àgbà, mo wo ọkọ̀ òkun. "Ọkọ̀ òkun ló pẹ́, mà," ni mo wí. "Wọn ò tètè jẹ́ kí Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀."

"Háà, àwọn èèyàn yìí mà burú o." Ó mí kanlẹ̀. "Kò burú. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta ṣì wà. Ẹ máa dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ìyẹn ò ní pa wá lára, ṣebí yàrá wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dé, kí ìyá mi kàn dùbúlẹ̀."

Irọ́ kẹta wá jókòó sórí méjì ìṣáájú. Mo ní kó jẹ́ kí n pè é padà, mo sì pa fóònù. Mo pe ilé àlejò. Obìnrin náà gbé e lọ́tẹ̀ yìí. "Mo dúró dè ẹ́ di aago méjì ọjọ́ Àìkú," ló wí. "Ìdílé kan tó ń gbé bàbá wọn bọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo ilé àlejò tó wà lágbègbè yìí ló ti kún."

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó di ojú tí mo kán oògùn sí. "Ojú mi ló ń ṣókùnkùn," ló wí, "etí mi ò ṣe nǹkan kan. Kí ni ẹni yẹn sọ fún ọ?"

Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ìwé tí mo tì sábẹ́ ìrọ̀rí, ọjọ́ Àìkú, ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ìyá mi nípa ọkọ̀ òkun.

"Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ni mo máa ń bọ́ nílé-ìwé yẹn," ló wí. "Ọjọ́ wà tí igi ìdáná ò dé. Ọjọ́ wà tí mo gbàgbé láti bèèrè rẹ̀. Màá lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀, màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì dáná.' Wọ́n á bínú, wọ́n á sì wá nǹkan ṣe sí i. Ká ní mo ní ìkòkò ti wà lórí iná ni, ta ni ì bá bá mi wá igi? Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Pe ìyá rẹ."

Mo pè é. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń dún, nígbà tó yá, kò dún mọ́.

"Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bi ọ́," ni ìyá mi sọ níkẹyìn, "kò tíì pẹ́ jù nígbà yẹn. Bí o bá ní o ò tíì pè é ni, màá pè é fúnra mi." Ó ní kí n pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí n má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́, òun náà yóò bẹ obìnrin ilé àlejò.

Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù kò bú mi. Ó bi mí ní aago tí mo kán oògùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Máa kán an ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, má ṣe fò ó," ló wí. "Jẹ́ kó sùn dáadáa. Dókítà ló máa wò ó láàárọ̀. Mi ò lè ṣèlérí."

A wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta. Nígbà tí àkókò oògùn tó, ọ̀nà náà ń gbé wa sókè sódò, ẹ̀kán kan sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà. Mo lọ bẹ awakọ̀. Ó kùn, ṣùgbọ́n ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì, gbogbo èrò sì ń wò wá bí mo ṣe ń fi ìka méjì la ojú ìyá àgbàlagbà.

Obìnrin ilé àlejò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ìyá mi. Kò sí yàrá, ṣùgbọ́n ó to àga mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá ìjẹun rẹ̀. Orí àga mẹ́ta yẹn ni ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin sùn sí, bí a bá lè pe ìyẹn ní oorun. Gbogbo ìgbà tí mo jí láti kán oògùn, ó ti lajú sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ráhùn. Ká ní ó ráhùn ni, ì bá rọrùn fún mi díẹ̀.

Aago méje lù, a sì wà níbẹ̀. Dókítà tan iná kékeré sí ojú náà, ó mi orí. "Ó ṣì pọ́n," ló wí. "Ṣé wọ́n sùn rárá? A ó fún un láyè di ọ̀sán. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ìparí."

Ẹni kẹfà ni Ìyá Àgbà tẹ́lẹ̀. Ó di ẹni kejìdínlógún. Wọ́n wọ aṣọ ilé ìwòsàn fún un, wọ́n dé fìlà funfun sí i lórí, a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mò ń ka àwọn tó ń wọlé. Ní ọ̀sán, nọ́ọ̀sì wo ojú náà, ó ní ó ti rọlẹ̀, ó ti dára. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní aago mẹ́ta, ó ku mẹ́rin níwájú wa. Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku ẹnì kan. Ìgbà náà ni mo rí ọkọ̀ tó wá gbé dókítà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìlú mìíràn ń dúró dè é lọ́jọ́ kejì, òun náà ní ọkọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

Ó ku èèyàn méjì nílẹ̀ nígbà tó lọ. Ìyá Àgbà ni ẹnì kejì.

Nọ́ọ̀sì wá ṣí fìlà lórí rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Oṣù mẹ́fà sí i." Ó yíjú sí mi. "Nítorí pé o pè wá lánàá, o sì sọ ọ́ bó ṣe rí, a kò pa orúkọ wọn rẹ́. Àwọn tó pẹ́ láìpè, a ti fa ìlà sí tiwọn. Bí dókítà bá padà, ìyá yín ló máa kọ́kọ́ ṣe fún, bí ojú náà bá lè dúró dìgbà náà."

Mo sunkún, n kò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Ìyá Àgbà wá ọwọ́ mi kàn. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ló wí. "Dìde, ká máa lọ sílé."

Oṣù márùn-ún rèé. Ìyá Àgbà kì í mọ ẹni tó wọlé mọ́ àfi bí ẹni náà bá sọ̀rọ̀. Òkun yẹn ni ohun ńlá ìkẹyìn tí ojú rẹ̀ rí kedere, ó sì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí ọkàn mi má bàjẹ́. Kíákíá ní òun ló jẹ̀bi, torí òun ló gba ìwé lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé lóòótọ́ ló gbà á, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló sọ pé mo ti kà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, orí ẹlòmíràn ló sì já lé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe, ẹ sọ pé ẹ ò tíì ṣe é. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tó bèèrè lè jẹ́ ẹni tó máa bá yín ṣe é.

Lánàá, ìwé ilé ìwòsàn nípa ìpadàbọ̀ dókítà dé. Ojú ìwé mẹ́rin ni, lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní. Ìyá mi gbé e lé mi lórí itan, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo kà á sókè fún Ìyá Àgbà láti òkè dé ilẹ̀, títí dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó tán?" ló bi mí.

"Ó tán, mà."

Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi wà. "Ó dáa. Ka ojú ìwé kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.